Eérú Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àyẹ̀wò Pátẹ́ǹtì Lórí Ọ̀nà Ìpoògùn

Ẹni tó bá fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lórí ọ̀nà tó ń gbà po oògùn, àìsàn tí oògùn náà ń wò nìkan kọ́ ni olùyẹ̀wò máa bi í. Yóò ní kó sọ ohun tó kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò, ohun tó tẹ̀ lé e, bí iná ṣe gbóná tó, iye wákàtí tó fi sè é, àti bó ṣe yọ ojúlówó kúrò nínú pàǹtírí. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ìwé àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, kó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ti gba ọ̀nà yẹn rí. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí, ìjọba á fún un níwèé pé fún iye ọdún kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà náà po oògùn tà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibo ni irú àyẹ̀wò yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé á tọ́ka sí Venice, àwọn mìíràn á ní London ni. Ní tèmi o, ìdí eérú ni mo gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ló sì yẹ kó kọ́kọ́ rí i, nítorí iṣẹ́ tí àwọn olùyẹ̀wò Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fún ní pátẹ́ǹtì, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa mọ̀ bí ẹní mowó ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú. Kí kòkó tó dé ilẹ̀ wa, ìdì ẹyìn tí wọ́n ti gbọn ẹyìn kúrò lára rẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi oríṣiríṣi ni wọ́n ń sun. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní Èkìtì, èèpo kòkó gba ipò wọn. Wọ́n á sá a kó gbẹ dáadáa, wọ́n á sun ún, wọ́n á kù ú kí èédú àti òkúta má bàa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tó níhò nídìí, wọ́n á máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú ni yóò máa kán sínú àwo tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá fúyẹ́, àdín ò ní dì. Bó bá le jù, ọṣẹ náà á máa jẹ awọ ara. Ìyá tó mọṣẹ́ á fi orí ìka kàn án, á fi kan ahọ́n, ojú ẹsẹ̀ ni yóò sì mọ̀ bóyá kí òun dà á padà sórí eérú mìíràn ni, tàbí kí òun gbé e kaná. Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń fi irinṣẹ́ wọ̀n lónìí, ahọ́n ìyá yẹn ló ń wọ̀n ọ́n.

Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé omi tó gba inú eérú kọjá kì í ṣe omi lásán mọ́? Èrò mi ni pé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò ló ti wá. Ẹ rántí Ìsàn-Èkìtì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, tí òkìkí ìkòkò wọn sì kàn. Níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, eérú ò ní ṣàìpọ̀. Òjò á rọ̀ sórí eérú náà, omi á ṣàn jáde, ẹni tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ á fi omi yẹn ṣan ọwọ́, á rí i pé ó hó, ọwọ́ sì mọ́. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kò sì lè jẹ́ àná ni, nítorí àwọn awalẹ̀pìtàn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ní Ìgbó Olókun ní Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ yanrìn àti òkúta ilẹ̀ wọn di dígí tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kí òyìnbó kankan tó fẹsẹ̀ kan etí òkun wa. Ifẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba aládé Èkìtì ti sọ pé àwọn ti gbé adé wá. Àwọn tó mọ iná tó báyìí, tí wọ́n mọ ohun tí iná lè sọ òkúta dà, mi ò rí ìdí tí wọn ò fi ní mọ ohun tó kù nínú eérú. Ìdí aró náà ń jẹ́rìí sí i: omi eérú kan náà ni àwọn aláró wa fi ń jẹ́ kí ewé ẹ̀lú jọ̀wọ́ aró rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ọṣẹ kì í ṣe oògùn. Ẹni náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn wa. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń gún ewé àti egbò mọ́ fún èélá, fún èkúkù, fún ara yíyún, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mìíràn. Ìyá ọlọ́ṣẹ ló ń ṣe ara oògùn náà, oníṣègùn ń fi ẹ̀mí sí i. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn yìí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ló ni ewé. Ewúro wà lẹ́yìnkùlé gbogbo ilé, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ohun tí oníṣègùn ń pa mọ́ ni ìpò rẹ̀: ewo ló ń ṣáájú, ewo ni wọ́n ń jó, ewo ni wọ́n ń gún ní tútù, ìgbà wo ni wọ́n ń já a. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń ru igbá ọ̀gá rẹ̀ kó tó dé ibi tí wọ́n á ti fi èyí hàn án. Bó bá sì pò ó tán, ọ̀gá á ní kó tọ́ ọ wò níṣojú òun kó tó gbé e fún aláìsàn. Ẹ mú èyí sọ́kàn dáadáa: ewé jẹ́ ti gbogbo ayé, ìpò rẹ̀ ni ti ẹnìkan. A óò tún bá a pàdé ní Jámánì.

Ní ọdún 1790, Amẹ́ríkà ṣe òfin pátẹ́ǹtì rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ìjòyè ìjọba mẹ́ta ni wọ́n yàn láti máa yẹ gbogbo ìbéèrè wò: Thomas Jefferson, Henry Knox àti Edmund Randolph. Pátẹ́ǹtì kìíní tí wọ́n buwọ́ lù jáde ní July 31 ọdún náà, George Washington fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Samuel Hopkins ni wọ́n fún. Kí ló ṣe? Ọ̀nà tuntun láti mú kánún jáde nínú eérú igi ni! Ohun tó yàtọ̀ nínú tirẹ̀ ni pé ó máa ń tún eérú náà sun nínú ààrò kó tó da omi sí i, kó tó sè é gbẹ, kí èyí tó máa rí gbà lè pọ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti dígí ni wọ́n ń ra irú kánún bẹ́ẹ̀. Ìyá ọlọ́ṣẹ kankan ní Èkìtì ò ní nílò alálàyé lórí ìwé yẹn, àfi bóyá kó béèrè irú igi tó sun.

Mẹ́ta péré ni wọ́n fún láyè lọ́dún 1790. Jefferson kì í fọwọ́ sí nǹkan wẹ́rẹ́. Nígbà tí Jacob Isaacs ará Newport dé pẹ̀lú ọ̀nà tó ní òun fi ń sọ omi òkun di omi mímu, tó ní àdàlù kan wà tí òun ń fi sí i, Jefferson kò bá a jiyàn lórí ìwé. Ní oṣù March ọdún 1791, ó pe Rittenhouse, Wistar àti Hutchinson, àwọn ọ̀mọ̀wé Philadelphia, kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n gbé omi òkun kaná, wọ́n fi àdàlù Isaacs sí i, wọ́n gba omi tó jáde. Wọ́n tún gbé omi òkun mìíràn kaná láìfi àdàlù kankan sí i. Wọ́n wọn méjèèjì: kò sí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan. Jefferson kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé aṣòfin ní November ọdún náà pé àdàlù yẹn kò fi ohunkóhun kún iṣẹ́ iná. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí olùyẹ̀wò òde òní ń béèrè lórí oògùn ti wà nínú ìtàn yìí.

Àwọn tó ń gbé Venice lárugẹ á ní òfin tiwọn ti wà láti 1474. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó ń béèrè kò ju pé kí ẹ̀rọ tuntun náà ti ṣiṣẹ́, kí ẹni tó ṣe é sì wá fi tó iléeṣẹ́ ìjọba létí. Ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1624, tó ń fún èèyàn ní ọdún 14, ilé aṣòfin ló ṣe é, àmọ́ ọba ló ń fúnni ní àṣẹ. Wọ́n á tún mẹ́nu kan Nehemiah Grew, tó gba pátẹ́ǹtì ní 1698 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iyọ̀ Epsom tí wọ́n fi ń wẹnú. Iyọ̀ oògùn ni lóòótọ́, ọ̀nà kẹ́mísírì sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí olùyẹ̀wò kankan nínú ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Ìtàn àyẹ̀wò là ń sọ, kì í ṣe ìtàn ìwé àṣẹ.

Amẹ́ríkà pa àyẹ̀wò tì ní 1793, nítorí iṣẹ́ náà wọ àwọn ìjòyè náà lọ́rùn, ó sì mú un padà ní 1836 pẹ̀lú àwọn olùyẹ̀wò tó ń gbowó oṣù.

Ọdún 1877 ni ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀, tí Èkìtì Parapọ̀ ta kò Ìbàdàn. Ọdún yẹn gan-an ni Jámánì ṣe òfin tó sọ ohun tí àwọn oníṣègùn wa ti ń ṣe láti ayébáyé: kò sẹ́ni tó lè gba pátẹ́ǹtì lórí oògùn fúnra rẹ̀, tàbí oúnjẹ, tàbí ohun tí kẹ́mísírì bá ṣe, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é nìkan ni wọ́n lè gbà á lé. Ewé jẹ́ ti gbogbo ayé! Bí ẹlòmíràn bá rí ọ̀nà mìíràn dé ibi oògùn kan náà, kó máa bọ̀. Ní 1891 wọ́n fi kún un pé ohun tó bá tinú ọ̀nà náà jáde tààrà wà lábẹ́ ààbò pẹ̀lú. Ṣáájú rẹ̀, ní 1889, ẹjọ́ aró pupa tí wọ́n ń pè ní Kongorot ti dé ilé ẹjọ́ gíga wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe aró náà kò ṣàjèjì sí onímọ̀ kankan. Ilé ẹjọ́ ní bí ọ̀nà kò bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, bí ohun tó jáde níbẹ̀ bá ní agbára tẹ́nikẹ́ni ò retí, ó tó gba pátẹ́ǹtì. Orí ìdájọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ pátẹ́ǹtì oògùn ní Jámánì jókòó lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Aspirin ni wọ́n fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Felix Hoffmann ní iléeṣẹ́ Bayer ṣe é ní 1897. Jámánì kò fún wọn ní pátẹ́ǹtì, torí Charles Gerhardt ti ṣe irú rẹ̀ láti 1853, bí kò tiẹ̀ mọ́ tó tiwọn. Amẹ́ríkà fún wọn ní 1900. Ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé tiwọn ní 1905 pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ìyẹ̀fun kan náà gba ìdáhùn mẹ́ta ní ilẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan yára. Íńdíà tẹ̀ lé ọ̀nà Jámánì nínú òfin rẹ̀ ti 1970, ìyẹn ló jẹ́ kí iléeṣẹ́ wọn lè máa po oògùn olówó pọ́ọ́kú fún ayé. Àdéhùn ìṣòwò àgbáyé ti 1995 wá fipá mú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti máa fún oògùn fúnra rẹ̀ ní pátẹ́ǹtì, Íńdíà sì tẹ̀ lé e ní 2005.

Ní tiwa, láti 1925 ni òfin ti wà pé pátẹ́ǹtì tí wọ́n bá ti gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó wà ní Adó-Èkìtì tó sì ṣe ohun tuntun ní láti kọ́kọ́ gba London lọ. Òfin ti 1970 ló fòpin sí i. Àmọ́ àyẹ̀wò tí òfin náà pa láṣẹ, bí ìwé ṣe pé ni: fọ́ọ̀mù, owó, àlàyé. Òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ewu wà lọ́rùn ẹni tó gbà á, ìjọba ò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí ìyá ọlọ́ṣẹ ti ń fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò, Àbújá ń lu òǹtẹ̀.

Èyí ń dùn mí. Iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé okà bàbà ni bàbá oníṣègùn Yorùbá kan fi ń wo àìsàn sẹ́ẹ̀lì onídòjé. Àjọ ìwádìí oògùn tó wà ní Ìdù ní Àbújá gbé e dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba pátẹ́ǹtì níbẹ̀ ní 1998. Ìyẹn bọ́ sí i. Ti Íńdíà ló yẹ ká kọ́ṣe: nígbà tí Amẹ́ríkà fún àwọn kan ní pátẹ́ǹtì ní 1995 lórí fífi atalẹ̀ pupa wo egbò, Íńdíà kó ìwé àtijọ́ wọn lọ, wọ́n sì fagi lé e ní 1997. Bákan náà ni ti dóńgóyárò ní Yúróòpù, tí wọ́n fagi lé ní 2000. Ní ti atalẹ̀, ìwé ló gbà wọ́n. Olùyẹ̀wò tó jókòó sí Munich, níbi tí iléeṣẹ́ pátẹ́ǹtì Yúróòpù wà, kò lè rí ohun tó wà lórí ahọ́n obìnrin kan ní Ìsàn. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva ní May 2024 ní kí ẹni tó bá gbé ìmọ̀ ìbílẹ̀ wá gba pátẹ́ǹtì máa sọ ibi tó ti rí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí orílẹ̀-èdè 15 bá ti gbà á wọlé. Ibo ni wọ́n ó wá ti rí tiwa kà? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì wà ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Adó, ó wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́. Kí wọ́n gbé ìwé àti òṣùwọ̀n lọ bá àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ wa: irú eérú wo, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń bu omi lé e, báwo ni omi náà ṣe le tó nígbà tí ìyá bá ní ó tó, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i.