Nígbà Tí Oògùn Iyọ̀rọ̀ Bá Di Ìyọnu fún Ológbò

Ẹni tó ń ta ìrẹsì àti gààrì ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú mọ iyì ológbò, torí eku. Bí iyọ̀rọ̀ bá wá bo ológbò ọ̀hún, tó ń họra títí awọ ara rẹ̀ fi ń bó, oògùn ni olówó rẹ̀ máa kọ́kọ́ wá. Ẹlòmíràn á ra èyí tí wọ́n ṣe fún ajá, torí òun ló wà nílẹ̀. Ẹlòmíràn á po ọ̀tápíápíá díẹ̀ mọ́ omi, á fi wẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn á sì ra ojúlówó oògùn ológbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ológbò tó ń họra ti di èyí tó ń gbọ̀n, tó ń da itọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú èyí jẹ́ ọ̀ràn ikú. Nígbà mìíràn, kíkorò oògùn lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ lè jókòó ti ọ̀ràn ikú kó máa rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀, ó sì lè fi ìtọ́jú tí kò yẹ pa ẹran tí ì bá yè.

Ẹ̀dọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Òun ló ń sọ májèlé di ohun tí kò lè pa ara lára mọ́. Ọ̀nà kan tó ń gbà ṣe é ni pé ó máa ń so irú ṣúgà kan mọ́ májèlé náà, kí ó lè yòrò nínú omi, kí ó sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ń ṣe é, ti ajá náà ń ṣe é. Ti ológbò kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe é, nítorí ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tó yẹ kó darí iṣẹ́ yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú ìran rẹ̀. Kìnnìún àti ẹkùn náà bá a pín nínú àìní yìí. Ìdí nìyí tí ẹyọ pàrásítámọ̀ kan ṣoṣo fi lè pa ológbò. Ìdí nìyí náà tí Izal tí à ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fi léwu fún un bó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnì kan sọ pé "oògùn yìí kò ṣe ajá mi ní nǹkan kan" kò ran ológbò lọ́wọ́ rárá, bó ti wù kí ajá náà kéré tó. Pípín oògùn ajá sí méjì fún ológbò kò sọ ọ́ di oògùn ológbò.

Nínú gbogbo èròjà tó wà nínú oògùn iyọ̀rọ̀, permethrin ni orúkọ tó yẹ kí ẹni tó ń sin ológbò mọ̀ jù. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ajá, ó sì máa ń pọ̀ nínú wọn: nínú 100 ìdá omi inú ike kékeré náà, 45 sí 65 lè jẹ́ permethrin. Mílílítà kan ṣoṣo irú rẹ̀ lè pa ológbò tó wọn kílò mẹ́rin àbọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Iṣan tó ń jíṣẹ́ láti ọpọlọ sí ẹran ara ní àwọn ihò tín-ín-tín-ín tí èròjà iyọ̀ ń gbà wọlé, tí yóò sì padé kíá lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti kọjá. Permethrin kì í jẹ́ kí ihò náà padé bọ̀rọ̀. Iṣan á máa jíṣẹ́ léraléra láìdúró, ẹran ara á sì máa fò láìjẹ́ pé ológbò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lára iyọ̀rọ̀, ikú ni ìyẹn. Lára ológbò tí kò lè lé oògùn náà jáde, etí àti awọ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ máa fò pìrì pìrì, lẹ́yìn náà gbogbo ara á máa gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ (dúdú àárín ojú) á fẹ̀, ìrìn á di ti ọ̀mùtí, ara á gbóná nítorí gbígbọ̀n náà, gìrì á sì mú un. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kán oògùn ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó lè pẹ́ tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ológbò tó bá sùn ti ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí lára, tàbí tó lá irun rẹ̀, lè kó o bákan náà. Nínú ilé tí méjèèjì bá wà, kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀tápíápíá yàtọ̀ sí èyí. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìyẹn apakòkòrò tí NAFDAC tìtorí rẹ̀ kéde ní 2019 pé kí wọ́n yé ta ìgò kékeré mílílítà 100 rẹ̀ ní ọjà gbangba. Èyí kò tiẹ̀ yẹ fún ara ẹranko kankan. Ó ń dá èròjà kan dúró nínú ara, èyí tó ń sọ fún iṣan pé iṣẹ́ ti parí. Nǹkan omi ni a ó sì fi mọ̀ ọ́n: itọ́ á máa dà, omijé á máa dà, ológbò á máa tọ̀, á máa ṣu omi, àyà rẹ̀ á máa dún nítorí omi tó ń sun sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, dípò kó fẹ̀. Ìyàtọ̀ ọmọlójú yìí ṣe pàtàkì fún dókítà ẹranko, torí pé oògùn tí wọ́n ń pè ní atropine ń gbógun ti dichlorvos, kò sì ṣe nǹkan kan sí permethrin. Oògùn tí wọ́n ń po sínú omi láti fi wẹ ajá àti màlúù nítorí eégbọn, tí amitraz wà nínú rẹ̀, tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ológbò á máa sùn, ara rẹ̀ á tutù, ọkàn rẹ̀ á máa lù díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ìṣòro tó fúyẹ́ wá ńkọ́? Oògùn tí wọ́n ṣe fún ológbò gan-an korò. Bí wọn kò bá kán an sí ẹ̀yìn ọrùn, nísàlẹ̀ orí, níbi tí ahọ́n kò lè dé, ológbò á lá a, itọ́ funfun á sì máa hó lẹ́nu rẹ̀ títí tí adùn búburú náà yóò fi lọ. Ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ẹran náà ṣì ń rìn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọ̀n. Omi mímu àti ẹja epìyà díẹ̀ tó sè ti tó. Òmíràn ni pé awọ ibi tí wọ́n kán an sí á pọ́n, irun ibẹ̀ lè re, ológbò á máa sáré kiri ilé bí ẹni pé nǹkan ń lé e. Kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí wọ́n ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Bí gbígbọ̀n bá ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkorò mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń gba ẹ̀mí là ni kí oògùn náà kúrò lára, nítorí bó bá ti wà lórí awọ, ó ń wọlé lọ ni. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ló dára jù, torí ó ń ká òróró kúrò, inú òróró sì ni permethrin ń gbé. Ṣáńpù ènìyàn àti ọṣẹ tí wọ́n po oògùn mọ́ kò yẹ. Kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi gbígbóná máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya wá sí awọ, oògùn á sì túbọ̀ wọlé. Omi tútù náà burú, kódà bí ara ológbò bá ń gbóná, nítorí ara tó bá tutù jù ń mú kí agbára permethrin pọ̀ sí i lórí iṣan. Kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ wọ ọ̀rá sọ́wọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n kán oògùn sí, kó fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìha á, kó ṣan án dáadáa, kó fi tówẹ̀lì gbẹ ẹ́, kó sì fi òmíràn wé e kó má baà lá irun rẹ̀. Àmọ́ bí gìrì bá ti mú un, kí wọ́n má ṣe dúró wẹ̀ ẹ́. Ìgbìyànjú yẹn á mú gìrì náà le sí i. Kí wọ́n gbé e lọ bó ṣe wà.

Epo pupa wá ńkọ́? Nílé Yorùbá, òun ni ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń nà sí bí nǹkan bá jẹ májèlé, ìfẹ́ sì ni olówó ẹran fi ń dà á sí i lẹ́nu. Ìyẹn gan-an ló fi ń dunni. Ológbò tó ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo náà á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ohun tí yóò sì pa á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lè jẹ́ epo, kì í ṣe oògùn iyọ̀rọ̀. Síwájú sí i, orí awọ ni oògùn yìí ti wọlé, nítorí náà kò sí ohun tí epo inú ikùn fẹ́ mú jáde. Mílíìkì náà kò ní agbára tí wọ́n ń sọ pé ó ní. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ tàbí iyọ̀ mú un bì.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọ̀pọ̀ yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Páálí tí wọ́n dá ihò sí lára, tí aṣọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó bò kó lè ṣókùnkùn, sàn ju kí wọ́n gbé e mọ́ àyà, torí ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ń ru gìrì sókè. Kí ike oògùn náà tẹ̀ lé e, tàbí fọ́tò ara rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ìjẹdé tàbí Ìmọ̀ta mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó kó tó dé àárín Ìkòròdú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Mile 12 kò sì dúró de ẹran tó ń kú lọ. Ó yẹ kí nọ́ńbà dókítà ẹranko tó ń gbé ìpè ní alẹ́ ti wà lórí fóònù kí wọ́n tó ra oògùn iyọ̀rọ̀ kankan.

Kò sí oògùn kan tó ń pa permethrin run nínú ara. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé kó gba ẹ̀mí ológbò dúró títí tí ara rẹ̀, tó lọ́ra, yóò fi lé e jáde: oògùn tó ń dẹ ẹran ara bíi methocarbamol, diazepam fún gìrì, omi fífà sí ara, àti níbi tó bá ti wà, irú òróró funfun kan tí wọ́n ń fà sí ẹ̀jẹ̀ kí májèlé lè bá a lọ. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà ń gbà. Èyí tí wọ́n bá tètè gbé lọ sábà máa ń padà sípò pátápátá.

Iyọ̀rọ̀ ṣì wà ńbẹ̀ o. Púpọ̀ nínú wọn kò sì sí lára ológbò. Abo iyọ̀rọ̀ kan lè yé tó ẹyin 40 lóòjọ́, ẹyin náà á sì jábọ́ sínú ibùsùn rẹ̀, sábẹ́ àga, sínú àpò ìrẹsì. Níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ọ̀sà ti pàdé bíi Ìkòròdú, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó kí ẹyin di iyọ̀rọ̀ tó ń fò. Nítorí náà, bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yè kò bá tíì lè gba oògùn, iṣẹ́ wà nílé: òòyà eléyín kéékèèké lójoojúmọ́ pẹ̀lú abọ́ omi ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti rì wọ́n sí, gbígbá gbogbo kọ̀rọ̀, fífọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ nínú omi gbígbóná kí wọ́n sì sá a sí oòrùn gangan. Kerosíìnì àti kánfọ̀ kò yẹ lára rẹ̀, nítorí ewu tiwọn náà ń dúró dè é.

Nígbà tó bá yá láti tún lo oògùn, kí dókítà yan án, kí wọ́n sì wọn ológbò náà lórí ìwọ̀n kó tó yan iye rẹ̀. Selamectin, imidacloprid àti fipronil tí wọ́n ṣe fún ológbò ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, òòyà nìkan ni tirẹ̀, àyàfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn. Kí wọ́n sì máa ṣí ẹnu rẹ̀ wò: bí èrìgì rẹ̀ bá ti ń funfun, iyọ̀rọ̀ ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jù, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà.