Windows Kú, Fáìlì Ò Kú

Iná tàn, fáànù ń kùn, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yọ lójú rẹ̀, ó wá dúró pa síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó ti kú. Àmọ́ bí orúkọ yẹn bá ṣì ń yọ, ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni kò jí.

Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ UEFI, tó wà lórí motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), ló máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó yẹ memory àti disk (ibi tí fáìlì ń gbé) wò, lẹ́yìn náà ó kọrí sí yàrá kékeré kan lórí disk, bíi MB 100 lásán lọ́pọ̀ ìgbà, láti wá ohun tí yóò jí Windows. Bí iná bá lọ nígbà tí Windows ń ṣe update lọ́wọ́, ohun tó wà níbẹ̀ tàbí fáìlì Windows fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́. Fọ́tò àti lẹ́tà ẹni sábà máa ń wà níbi tí wọ́n wà, mìmì kan ò mì wọ́n. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń sáré format, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí disk? Ṣùgbọ́n bí disk bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, tàbí tí UEFI ò rí i rárá, disk ló ń lọ yẹn. Windows tuntun ò lè wò ó sàn.

Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n ti ń po oògùn rẹ̀. Media Creation Tool, ètò tó ń gbé Windows sórí flash kí wọ́n lè fi tún un gbé kalẹ̀, wà lórí ìkànnì Microsoft. Flash tí kò dín ní GB 8 ló ń fẹ́, gbogbo ohun tó bá sì wà lórí flash náà ni yóò pa rẹ́. Wọ́n á ki flash bọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, wọ́n á tàn án, wọ́n á máa tẹ F12 léraléra bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 bó bá jẹ́ HP, títí boot menu, ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí kọ̀ǹpútà yóò fi jí, yóò fi yọ. Flash ni wọ́n á mú níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé. Bí Windows Setup, ojú ètò tó ń gbé Windows kalẹ̀, bá ti yọ, kí èèyàn tẹ Shift àti F10 pọ̀: ojú dúdú kan á ṣí. Kó kọ notepad síbẹ̀, kó tẹ Enter. Kó wá tẹ File, lẹ́yìn rẹ̀ Open, kó sì yan All Files nísàlẹ̀. Disk á hàn; C àná lè di D lónìí. Inú fódà Users ni ẹrù wà. Wọ́n á copy rẹ̀, wọ́n á lọ paste rẹ̀ sórí disk ìta. Notepad tí a fi ń kọ̀wé ti di alágbàárù. Bí BitLocker, àgádágodo Windows fún disk, bá ti ti disk pa ńkọ́? Àfi kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48, tó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń padà sínú Windows Setup, tí wọ́n á fi dé ojú ibi tí partition, àwọn yàrá tí wọ́n pín disk sí, tò sí. Kí wọ́n fara balẹ̀ wo GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má lọ pa disk ìta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù sí. Ó dáa kí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá pa àwọn partition disk inú rẹ́, Windows á tún tirẹ̀ gé fúnra rẹ̀. Bó bá béèrè product key (nọ́ńbà àṣẹ Windows), «I don't have a product key» ni wọ́n ń tẹ̀: kọ̀ǹpútà tó bá Windows wá láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí motherboard, bí wọ́n bá ṣáà yan irú Windows tó bá a wá: Home fún Home, Pro fún Pro.

Bó bá kọ́kọ́ restart, kí wọ́n yọ flash, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Wi-Fi ò bá sì ṣiṣẹ́ nítorí pé driver rẹ̀ (ètò kékeré tó ń mú ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) ò sí, kí wọ́n fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, kí wọ́n tan USB tethering tó ń fún kọ̀ǹpútà ní íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù, kí driver tó kù lè gba ibẹ̀ wọlé.