Kọ̀ǹpútà gbóná, ó kú, kò tan mọ́: kí a tó ní prósẹ́sọ̀ ló jó

Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ, fáànù ń pariwo, ara rẹ̀ gbóná janjan, lójijì ó kú. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kò tan mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé prósẹ́sọ̀, ìyẹn ṣíípù tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ fún kọ̀ǹpútà, ti jó. Ìdájọ́ yìí kì í sábà tọ̀nà, owó tó ń gbọ́n lọ sì máa ń dunni: ẹlòmíì á ra prósẹ́sọ̀ tuntun, á fi sí i, ẹ̀rọ á ṣì dákẹ́.

Prósẹ́sọ̀ òde òní mọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ohun tó ń wọn ooru wà nínú rẹ̀, ó sì ní ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá: 100°C fún ọ̀pọ̀ Intel Core, 95°C fún ọ̀pọ̀ AMD Ryzen 7000. Bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó gbóná fi máa ń falẹ̀ kó tó kú. Bí ooru bá ṣì ń gòkè, á ránṣẹ́ sí motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, pé kó gé iná. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2001, Tom's Hardware yọ heatsink, ìyẹn irin tó ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. AMD Athlon jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Intel Pentium 4 kàn dín eré kù ni.

Àwọn tó yí prósẹ́sọ̀ ká ni ooru ń bá jà jù. Àwọn ṣíípù tí wọ́n ń pè ní VRM, tí wọ́n ń sọ fóltì 12 di nǹkan bíi fóltì 1 fún un, máa ń gbóná pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni motherboard olówó pọ́ọ́kú kì í fi irin kankan bò wọ́n. Kàpásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, wà nítòsí wọn. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ ń lò fún un ni pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ló lọ. Nínú tòkunbọ̀ tó ti sin ọ́fíìsì kan lókè òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Ikeja, paste tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti heatsink ti gbẹ, kàpásítọ̀ ti ń rẹ̀, eruku ọyẹ́ á tún wá dí heatsink. Kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tó ń sun omi, ti bà jẹ́.

Kí a tó tú ohunkóhun, ó yẹ ká mọ ibi tí ẹ̀rọ dúró sí. Níwọ̀n ìgbà tí power pack, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ, bá ti wà lára iná, fóltì 5 kékeré kan máa ń wà nílẹ̀ de bọ́tìnnì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, power pack á tú iná yòókù sílẹ̀, á sì fún motherboard ní àmì pé iná pé. VRM á gbé iná fún prósẹ́sọ̀. Prósẹ́sọ̀ á jí, á ka àṣẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ṣíípù BIOS, níbi tí ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ wà, á yẹ RAM (ibi ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) wò, lẹ́yìn náà ojú ìwòran, lẹ́yìn náà hard disk.

Bí fáànù kò bá yí, tí iná kankan kò tàn, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀. Power pack la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A ó yọ ọ́ kúrò lára motherboard, a ó so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ dúdú ní ẹnu rẹ̀ oníhò 24, a ó sì gbé mítà lé e: yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, pupa láàárín 4.75 sí 5.25. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Dell àti HP tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì ní ẹnu àti àwọ̀ wáyà tiwọn, nítorí náà kí a má fi èyí dán wọn wò. Kí a má sì tú inú power pack. Iná tó lè pani máa ń wà níbẹ̀ kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́.

Bí ẹ̀rọ bá tan, tó kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí a jẹ́ kó tutù dáadáa kí a tún un tàn. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i nígbà tó tutù, ooru ni: heatsink kò jókòó dáadáa, tàbí fáànù rẹ̀ kò yí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà kan náà ló ń kú, ó tutù o, ó gbóná o, VRM tàbí wáyà tó kanra ni ká fura sí.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni ti ẹ̀rọ tí fáànù rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú. Ìdánwò kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kó ṣáájú gbogbo rírà. Kí a yọ iná, kí a yọ gbogbo RAM, kí a wá tan ẹ̀rọ. Bó bá ké pí, pí, pí, prósẹ́sọ̀ wà láàyè, nítorí prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ka àṣẹ BIOS tó ní kó ké. Ó túmọ̀ sí pé VRM àti BIOS náà ń ṣiṣẹ́. Kí a wá máa dá RAM padà níkọ̀ọ̀kan. Motherboard tí kò ní sípíkà lè ní iná wínníwínní mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU (prósẹ́sọ̀), DRAM (RAM), VGA (ojú ìwòran) àti BOOT (hard disk) sí lára. Bí iná bá dúró sórí CPU, kò túmọ̀ sí pé prósẹ́sọ̀ ti kú: wáyà fóltì 12 tó ń lọ bá a lè ti tú, pín-ìn-nì kan, ìyẹn ẹsẹ̀ irin wínníwínní, sì lè ti tẹ̀.

Bó bá dákẹ́ láìsí RAM, kí a yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí BIOS gbàgbé ètò rẹ̀, kí a tún gbìyànjú. Bí a bá wá fẹ́ ṣe pààrọ̀, prósẹ́sọ̀ tí a ń fura sí ni ká gbé lọ sórí motherboard tó dára. Kí a má gbé prósẹ́sọ̀ tó dára wá sórí motherboard tí a ń fura sí: bí VRM bá ti jó kanra, ó lè da fóltì 12 lódindi sí i, èyí tó ṣì dáa á sì jó mọ́ ọn.

Yíyọ heatsink gba sùúrù. Paste tó ti gbẹ máa ń lẹ̀ pinpin, prósẹ́sọ̀ AMD AM4 sì lè tẹ̀ lé e jáde, kí pín-ìn-nì rẹ̀ tẹ̀. Kí a fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí a má fà á. Kí a fi ọtí isopropyl nu paste àtijọ́ kúrò, kí a kán tuntun tó tó èso ẹ̀wà kan sí àárín. Bí a bá ń fẹ́ eruku, kí a di fáànù mú kó má yí.

Ẹ̀rọ tó ń gbé BIOS jáde ṣùgbọ́n tí kò dé Windows kò ní wàhálà púpọ̀: fáìlì ló sábà máa ń bà jẹ́ nígbà tí iná gé lójijì. Kí a tó tún Windows ṣe, kí a jókòó sínú BIOS fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a máa wo ìwọ̀n ooru. Bó bá ń gun òkè láìdúró títí tó fi kọjá 80°C, heatsink kò kan prósẹ́sọ̀ dáadáa. Kí a pa á, kí a tún un gbé kalẹ̀.