Ìgbà wo ni orúnkún ń ká? Bí wọ́n ṣe ń yẹ ìrìn ọmọ tó ní cerebral palsy wò

Bàtà ọmọ tó ní cerebral palsy lè sọ̀rọ̀ kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Iwájú rẹ̀ á ti jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Nínú àìsàn yìí, ọpọlọ ló fara pa, bóyá nínú oyún, bóyá nígbà ìrọbí tí ọmọ ò tètè mí, tàbí tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ bá ọmọ tuntun jà kọjá ààlà. Ẹsẹ̀ ò ṣẹ̀. Àṣẹ tó ń ti ọpọlọ wá sí iṣan ni ò wá déédéé mọ́.

Ojú lásán á rí i pé ọmọ ń tiro, àmọ́ kì í sábà rí ohun tó fà á. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ìrìn wò, wọ́n á lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán mọ́ ìbàdí, itan, orúnkún, ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣòkòtò péńpé, àwọn kámẹ́rà tó yí yàrá ká á máa ka ibi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí ìgbà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pátákó kan tún wà nínú ilẹ̀ tó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀ tó. Wọn kì í fi han ọmọ, torí tó bá ti mọ̀, á máa wá bí yóò ṣe tẹ̀ ẹ́, ìrìn rẹ̀ á sì yí padà.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bá ti kan ilẹ̀ títí tó fi tún kàn án ni wọ́n ń kà. Ká pín in sí 100: ẹsẹ̀ tó ń rìn déédéé á wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 60, á wà lókè fún 40, èkejì á sì kan ilẹ̀ nígbà tí èkínní bá dé ìdajì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àìsàn náà mú, ẹsẹ̀ tí àìsàn ò mú á máa pẹ́ nílẹ̀, á máa dúró de ẹnìkejì rẹ̀.

Inú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn. Bí itan ṣe ń lọ síwájú, ojúgun á kọ́kọ́ ká sẹ́yìn, orúnkún á ká tó nǹkan bí 60 dígírì, kí ojúgun tó wá nà síwájú. Kọ̀ǹpútà á fi èyí ya àwòrán: ìrìn itan ní ìbú, ti orúnkún ní òòró, ìlà rẹ̀ yóò sì di òbìrí tó gbòòrò. Tí orúnkún bá gan, òbìrí náà á pẹlẹbẹ bí agbọ̀n tí wọ́n jókòó lé. Ó lè jẹ́ pé iṣan iwájú itan ń fà nígbà tó yẹ kó dẹ̀. Wáyà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ ara níbẹ̀, tó ń fi ìgbà tí iṣan ń fà hàn, ló máa jẹ́rìí. Oníṣẹ́ abẹ lè gbé ìdí iṣan yẹn lọ sẹ́yìn orúnkún. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbàdí ni ò lágbára láti gbé itan, abẹ yẹn ò lè ràn án.

Níbi tí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ò sí, fídíò fóònù náà wúlò. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ṣe ní Edinburgh, ní Scotland, tó ń yẹ nǹkan 17 wò lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan látinú fídíò. Kí fóònù wà ní ìwọ̀n ìbàdí ọmọ, kí wọ́n yà á níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì dín eré fídíò náà kù kí wọ́n tó wò ó: ẹsẹ̀ ọmọ tó ń rìn déédéé kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan lókè.