ADC: Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di òǹkà nínú kámẹ́rà fóònù

Ẹni tó bá ti fi fóònù ya fídíò 4K níbi ìsọmọlórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin mọ̀ pé ẹ̀yìn fóònù a máa gbóná. Ẹ̀rọ tó ń ṣètò fídíò náà ló ń fa púpọ̀ nínú ooru yẹn, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀. Lára ohun tó ń jẹ iná jù nínú sẹ́ńsọ̀ náà ni àwọn ẹ̀rọ tín-tìn-tín tí wọ́n ń pè ní ADC (analogue-to-digital converter), tó ń sọ fólítéèjì di òǹkà. Àwọn tó ń ta fóònù kì í sábà dárúkọ wọn. Mẹ́gápíksẹ́lì ni wọ́n máa ń kígbe.

Píksẹ́lì, ìyẹn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀, kò mọ òǹkà. Ìmọ́lẹ̀ á bà á, ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù á kó jọ sínú rẹ̀, ìyẹn á sì di fólítéèjì. Kọ̀ǹpútà kò lè fi fólítéèjì lásán tọ́jú àwòrán. Òǹkà ló fẹ́. ADC ló ń wọn fólítéèjì yẹn, tó ń sọ iye rẹ̀. Èyí tó jẹ́ oníbíìtì 12 pín ìwọ̀n rẹ̀ sí ìpele 4,096.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Àwòrán 4K ní òpó 3,840 lóròó àti ìlà 2,160 ní ìbú. Tí ẹ bá ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, píksẹ́lì tí sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ wọn láàárín àkókò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 498. Kò sí ADC kan ṣoṣo tó lè ṣe ìyẹn láìjẹ bátìrì run.

Bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tàbí ìwọ̀nba díẹ̀ ni gbogbo àwòrán ń gbà jáde nínú CCD, irú sẹ́ńsọ̀ tí Willard Boyle àti George Smith gbé kalẹ̀ ní Bell Labs lọ́dún 1969. Iṣẹ́ tí Eric Fossum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí CMOS, irú sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú fóònù lónìí, ní JPL, ilé ìwádìí NASA ní Kalifóníà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló jẹ́ kó rọrùn láti kó ADC sórí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún òpó kọ̀ọ̀kan ní ADC tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ Exmor tí Sony gbé jáde lọ́dún 2007 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀. ADC 3,840 á jọ ka ìlà kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bọ́ sórí ìlà tó kàn. Ìlà kan wá ní nǹkan bí 7.7 nínú ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ADC tí òpó ń lò ni mo fẹ́ pè ní onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fólítéèjì kan tí gbogbo òpó jọ ń lò á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, òǹkà á sì máa lọ: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó bá bá fólítéèjì píksẹ́lì dọ́gba, afiwéra tó wà nísàlẹ̀ òpó á ní "Ó tó!", òǹkà òpó yẹn á sì dúró. Ó rọrùn, kò sì gba àyè. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó ka 4,096 láàárín àkókò kékeré yẹn, aago rẹ̀ gbọ́dọ̀ lù ju ìgbà mílíọ̀nù 530 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo ìgbà tí wáyà kan bá kúrò ní 0 bọ́ sí 1 ló ń jẹ iná, iye tó sì ń jẹ ń tẹ̀lé fólítéèjì ní ìlọ́po ara rẹ̀: ẹni tó bá mú un láti fólítì 1.8 wá sí 1.2 ti dín iná náà kù ju ìdajì lọ.

Irú ADC mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní SAR. Òun kò ka ení, èjì. Bí ẹni ń ná ọjà ló ń ṣe: Ṣé ó tó 2,048? Ó tó. Ṣé ó tó 3,072? Kò tó. Ṣé ó tó 2,560? Ìbéèrè 12 péré, ó ti rí iye náà. Kí ló dé tí kò gba ìjọba pátápátá? Àwọn kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná) tó fi ń wọn nǹkan ń gba àyè, bẹ́ẹ̀ píksẹ́lì fóònù kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bíi máíkírómítà kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) lọ. Tí kapásítọ̀ òpó kan bá sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìkejì rẹ̀, ìlà gbọọrọ á hàn lójú àwòrán, ojú èèyàn kì í sì í gbójú fo irú ìlà bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni gbogbo òpó onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń lò. Ohun tí mo fi gbà pé kò tíì yẹ ní jíjù nù nìyẹn.

Ọgbọ́n tó wú mi lórí jù rèé. Bí ẹ̀kán òjò ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́. Kì í dọ́gba. Níbi tí ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù 100 bá wà, ó lè fi 10 yẹ̀; níbi tí 10,000 bá wà, ó lè fi 100 yẹ̀. Kí wá ni èrè kéèyàn máa fi ìpele kéékèèké wọn ibi tó mọ́lẹ̀ kedere, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ò dúró sójú kan? Nítorí náà, àwọn kan ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn kó máa rìn jẹ́jẹ́ níbi tó ṣókùnkùn, kó sì máa fò níbi tó mọ́lẹ̀. Òǹkà á dín kù gan-an, ojú ò sì ní mọ̀ ọ́n.

Iná tí wọ́n bá dín kù báyìí kì í ṣe fún bátìrì nìkan. Bí sẹ́ńsọ̀ bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 sí 8 lórí Celsius gbóná sí i, ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù tí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ló mú un wá á di ìlọ́po méjì. ADC á kà wọ́n mọ́ tòótọ́, wọ́n á sì hàn bí àmì tó-tò-tó nínú àwòrán tí ẹ yà lálẹ́.