Bí Owó Páàkì Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Juru Parkir

Bí o bá gbé ọkọ̀ dé títì ọjà ní ìlú ńlá ní Indonéṣíà, fèrè lo máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó ń fọn ọ́n ni wọ́n ń pè ní juru parkir. Òun ló ń júwe àyè fún awakọ̀, òun ló ń dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró kí oníbàárà lè bọ́ sí títì, òun náà ló sì ń gbowó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á yọ iye tí wọ́n bù lé e, tí wọ́n ń pè ní setoran. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni oúnjẹ ilé rẹ̀. Àwọn jàǹdùkú àdúgbò náà ń gba tiwọn, nítorí náà owó tó ń dé àpò ìjọba kì í tó nǹkan.

Ìyẹn ló mú kí ìlú Jakarta gbé ẹ̀rọ tó ń gba owó páàkì sí títì Sabang ní September 2014, nígbà tí Ahok jẹ́ igbákejì gómìnà. Wákàtí kan, 2,000 rupiah fún ọ̀kadà, 5,000 fún mọ́tò. Juru parkir kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó mọ́. Wọ́n ṣèlérí owó oṣù fún un, ìlọ́po méjì iye tó kéré jù tí òfin ìlú náà là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ìlérí yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju ẹ̀rọ náà lọ.

Ohun tó wá jẹ́ kí sísanwó páàkì láìfi owó bébà ṣe é tàn kálẹ̀ ni QRIS, tí Bank Indonesia, báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà, gbé jáde ní 17 August 2019: àmì kan ṣoṣo tí fóònù lè kà, báńkì yòówù kí èèyàn máa lò. Kò sídìí láti máa ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ mọ́. Juru parkir lè so ó kọ́ ọrùn. Ìlú Medan bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní October 2021, ìlú Surabaya ní 2024.

Àmọ́ awakọ̀ tó bá na owó bébà lè ní kí juru parkir máa mú ṣéńjì lọ. Fóònù kì í fi ṣéńjì sílẹ̀. Ẹni tó sì ń fi owó ìrọ̀lẹ́ ra ìrẹsì alẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ dúró de ọjọ́ tí ọ́fíìsì máa pín in?

Àwọn juru parkir Surabaya ò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìpín tí wọ́n wá fi lélẹ̀ níbẹ̀ ni 35 nínú ọgọ́rùn-ún fún juru parkir, 5 fún ọ̀gá wọn, 60 fún ìjọba. Lójú tèmi, 35 ṣì kéré fún ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ dúró nínú oòrùn.