Ọkọ̀ Oníná Kì í Ṣe Ọmọ Àná

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná kò kúrò lẹ́nu wa ní Adó-Èkìtì mọ́. Awakọ̀ ń sọ ọ́ ní gáréèjì, tíṣà ń sọ ọ́ nílé ìwé, àfi bí ẹni pé Elon Musk, ọ̀gá Tesla tó ń ṣe ọkọ̀ oníná, ló sùn tó jí tó sì dá a sílẹ̀. Irọ́ ni. Ọkọ̀ oníná ti gbé ayé, ó ti kú, àwọn èèyàn sì ti gbàgbé ẹ̀ kí wọ́n tó bí Musk.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1900 kò ju 4,192 lọ. 1,681 nínú wọn ń lo agbára ooru omi tó ń hó, 1,575 ń lo bátìrì, 936 ló ń lo epo bẹntiróò. Epo ló gbẹ̀yìn! Ní 1899, Camille Jenatzy, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ti fi ọkọ̀ oníná sáré kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn obìnrin olówó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí torí pé kò pariwo, kò sì rùn. Ẹni tó ní ọkọ̀ epo nígbà náà ní láti dúró síwájú ẹ̀, kó fi irin yí ẹ́ńjìnì kó tó dáhùn. Bí irin náà bá ta padà, apá lè kán. Clara, ìyàwó Henry Ford, ọkọ̀ oníná ló ń wà kiri ìlú. Ọkọ ń ta ọkọ̀ epo fún gbogbo ayé, ìyàwó ilé kò bá a rà á.

Iná náà ló wá pa ọkọ̀ oníná. Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ṣe sítátà tó ń fi iná yí ẹ́ńjìnì, Cadillac sì gbé e sínú ọkọ̀ ọdún 1912. Ẹ lọ bá rìwáyà ní Ajílósùn nígbà tó bá tú sítátà Kámúrì kalẹ̀: ẹ ó rí wáyà kọ́pà tí wọ́n wé mọ́ irin tó ń yí, ẹ ó rí ojú kọ́pà tó ti dúdú, tí rìwáyà ń ha kí iná lè gbà á kọjá. Mọ́tò oníná kékeré ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ epo yá a lò fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan láàárọ̀, wàhálà irin yíyí sì tán. Ford náà ń já owó ọjà rẹ̀ wálẹ̀, láti 850 dọ́là ní 1908 dé 260 dọ́là ní 1925, nígbà tí ọkọ̀ oníná lè gba 2,000 dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ikú yìí. Ká ní mo wà níbẹ̀, Ford lèmi náà ì bá rà.

Ikú kejì ló ń bí mi nínú. Ní 1990, ìpínlẹ̀ Califonia ní Amẹ́ríkà ṣòfin pé tó bá di 1998, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tú èéfín rárá. Ní 1996, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ gan-an, General Motors (GM) gbé ọkọ̀ oníná tí wọ́n pè ní EV1 jáde. Wọn kò tà á, wọ́n ń fi yá èèyàn ni. 1,117 ni gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń gbógun ti òfin náà títí ó fi rọ̀. Nígbà tó yá, GM gba àwọn ọkọ̀ náà padà. Àwọn tó ń lò ó bẹ̀ wọ́n pé àwọn fẹ́ rà á, wọ́n kọ̀, wọ́n fọ́ èyí tó pọ̀ jù, wọ́n fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní díẹ̀. Àlàyé wọn ni pé kò sí èrè níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, torí owó tí wọ́n fi ṣe é pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ pé ọjà òun ò tà, tó tún ń kọ owó oníbàárà? Ní 2006, Rick Wagoner tó jẹ́ ọ̀gá GM nígbà náà gbà pé ìpinnu tó burú jù tí òun ṣe ni pé òun pa EV1 tì.

Ní 2003 tí wọ́n ń palẹ̀ EV1 mọ́ ni Martin Eberhard àti Marc Tarpenning dá Tesla sílẹ̀. Musk gbé owó wá ní 2004. Ní 2003 kan náà ni BYD ti Ṣáínà, tó ń ṣe bátìrì fóònù láti 1995, wọ iṣẹ́ ọkọ̀. Bátìrì lithium-ion, irú tó wà nínú fóònù wa, tí Sony kọ́kọ́ gbé dé ọjà ní 1991 ni gbogbo wọn gbójú lé. Ẹni tó mọ bátìrì ń wọlé bọ̀, ẹni tó mọ ọkọ̀ sì ti jù ú nù.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Nínú àpáta Ìjerò-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń wa táǹganran tipẹ́, lithium, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì yìí, wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú òkúta rẹ̀, lepidolite, ní àwọ̀ àlùkò, ó ń dán, ó sì ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Dele Alake, mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ fi hàn bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ lé e lórí nílé. Mo fara mọ́ ọn, tí wọ́n bá lè mú un ṣẹ. Bí a bá ń kó òkúta tútù jáde, tòkunbọ̀ oníná tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ ni yóò padà wá bá wa. Ẹni tó ń ra Kámúrì máa ń ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kóun gbọ́ ẹ́ńjìnì. Bátìrì kì í dún, ó sì lè jẹ́ òun ló wọ́n jù nínú ọkọ̀ náà. Àfi kí rìwáyà wa tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kó o dé.